Bí Búrẹ́dì Mi Ṣe Di Alámùrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí búrẹ́dì nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Ìdànrè. Ẹni tó bá ń mu omi lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbé e mì o, kí omi má lọ pá a lórí níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín!

Ọmọ-ọmọ mi ló fà á. Ó fẹ́ máa ta ọṣẹ ìwẹ̀, ó sì ń wá ẹni tó máa bá òun ya lógò. Ló bá jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé fún mi pé bráǹdì ni gbogbo nǹkan láyé òde òní, pé ẹni tí kò bá ní bráǹdì, asán ló ń tà. Mo wò ó títí. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lò ń kọ́? Èmi Ìyá Alámùrè! Ta ló ń kọ́ ológbò ní eku pípa?

Ó ní kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ ń pè mí ní Alámùrè gan-an. Háà! Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀, àwa obìnrin ń wọ bàtà gogoro. Èmi náà wọ̀ ọ́ o, ẹ má wulẹ̀ wò mí báyìí! Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, bàbá mi sì jẹ́ tíṣà. Ìfẹ́ ló gbé mi dé Ìdànrè. Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, ń wa píkọ́ọ̀pù, ó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èrò lọ sí Ofosu lójú títì Bìní. Ilé Aládùúrà ni ilé wọn, ìjọ aláṣọ funfun. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni ìyá ìjọ. Òun náà ló ń rán aṣọ àdúrà àti àmùrè fún gbogbo ìjọ. Àmùrè yẹn ni ọ̀já tí wọ́n máa ń dì mọ́ ìbàdí lórí aṣọ funfun. Búlúù ni tiwọn, sátíìnì tó ń dán.

Mo ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́wọ́ àǹtí mi kan kí n tó relé ọkọ. Nígbà tí Tóyìn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rákò, mo bẹ bàbá ọkọ mi pé kó fún mi nílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí n mọ ààrò búrẹ́dì sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìdànrè, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Òkè lọ́tùn-ún, àpáta lósì, ilé há sáàárín. Lẹ́yìnkùlé yẹn sì ni Bàbá ti máa ń sá kòkó rẹ̀. Ó gbà, àmọ́ ó fi nǹkan kan dè é. Ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní, "Ìyàwó, mo gbọ́. Mọ ààrò rẹ. Ṣùgbọ́n tí kòkó bá fi lè jáde lọ́dún yìí, tí n kò rí kí àwọn èèyàn máa wá búrẹ́dì rẹ kiri, màá fi ọkọ́ wó ààrò yẹn, màá tẹ́ ẹní kòkó mi síbẹ̀."

Kò jágbe mọ́ mi o. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, torí Bàbá kì í fi ẹ̀rín sọ ohun tí kò ní ṣe.

Ṣé búrẹ́dì mi ò dùn ni? Ẹ má bú mi o! Búrẹ́dì tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, á rọra dìde padà. Tí mo bá ń yọ ọ́ nínú ààrò, àwọn aládùúgbò á máa wá kí mi láìnídìí. Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí? Wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá kí mi, bíi pé a ò tíì ríra rí!

Bí a ṣe ń tà á nìyí. Láàárọ̀ Sátidé, Màmá àti àwọn ìyá ìjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣàdúrà ìdájí. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, wọn kì í lọ pààrọ̀ aṣọ. Inú aṣọ funfun yẹn náà ni wọ́n máa wà, láìwọ bàtà, wọ́n á gbé àtẹ búrẹ́dì karí, wọ́n á kó sínú píkọ́ọ̀pù, ó di Ofosu! Màmá ní wọn ò gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ àdúrà títí búrẹ́dì á fi tán, kí ìbùkún àárọ̀ má bàa dà nù lójú ọ̀nà. Ìjọ míì lè má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Tiwọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n bá wọn lọ, kí n lọ fojú ara mi rí bí ọjà ṣe ń lọ. Ofosu yẹn, yéè! Bọ́ọ̀sì ńlá á ti Bìní dé, òmíràn á ti Èkó dé, kó tó dúró tán àwọn ọlọ́jà á ti ya bo fèrèsé. Ẹlẹ́pà, olómi, ọlọ́sàn, oníbúrẹ́dì. Ọkùnrin kan yọrí láti ojú fèrèsé, ó wọ jígí dúdú, ó ṣe bí ọ̀gá. Ó ń pariwo pé òun fẹ́ búrẹ́dì tí òun rà lọ́jọ́sí, èyí tó rọ̀, tó dùn, tí òun jẹ tán kí òun tó dé Ọ̀rẹ̀. Ọkàn mi fò sókè! Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ti gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun lòun tà á fún un. Búrẹ́dì mi ni!

Wọ́n bi í pé èwo ni, kí lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ń fọwọ́ júwe, ó ní ó gùn báyìí, ó pupa díẹ̀ lórí. Ẹ̀yin èèyàn mi, búrẹ́dì wo ni kò gùn, tí kò pupa lórí? Kí ìyá wa tó ráyè dé ojú fèrèsé, obìnrin kan ti ti búrẹ́dì onílébẹ́ẹ̀lì kan sí i lọ́wọ́, èyí tó wá láti ìlú míì, tí wọ́n ya adé sí lára. Ó ní, "Ọ̀gá, eléyìí ni, aládé!" Ọkùnrin náà sì rà á! Bọ́ọ̀sì gbéra. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń ké pé, "Ọ̀gá, kì í ṣe ìyẹn! Tèmi ni!" Ta ló máa gbọ́? Èéfín ló fi dá mi lóhùn.

N ò sunkún o. Inú ló bí mi! Inú bí mi débi pé mo jẹ odindi búrẹ́dì kan tán nínú píkọ́ọ̀pù ká tó délé. Bàbá Tóyìn wò mí, ó ní ṣé bí mo ṣe máa tà á nìyẹn.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọjà tó bá dára á ta ara rẹ̀. Irọ́ ni! Ọjà tó dára tí kò lórúkọ, ẹlòmíì ló ń bá tà. Ohun tí mo rí kọ́ ní Ofosu nìyẹn.

Àbúrò mi Ṣẹ́gun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́. Òun ló máa ń ya àwòrán sára kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Mò ń ro ẹjọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Sístà mi, ẹni tó wà nínú mọ́tò ò ráyè kàwé. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe bà á báyìí, ó yẹ kó ti mọ̀ pé tiyín nìyí." Ó ní búrẹ́dì náà gbọ́dọ̀ lórúkọ, kó ní ojú, kí ojú náà sì jẹ́ ọ̀kan lónìí, lọ́la, lọ́túnla. Ó ní bí mo bá ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ gèlè, àwọn oníbàárà ò ní dá mi mọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o, torí èmi ò fi í sọ́kàn.

Ó ya òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn gba àárín rẹ̀ gòkè lọ, ó kọ "Búrẹ́dì Olókè" sábẹ́ rẹ̀. Áà, ó rẹwà! Mo ní kó ya èmi náà sórí òkè. Ó ní rárá. Mo ní kó kàn ya gèlè mi péré. Ó ní, "Sístà!" Mo fi í sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ó ní àwọ̀ ewé máa dáa, torí igbó orí òkè. Mo ní àwọ̀ ewé kẹ̀? Ṣé kí àwọn èrò rò pé ẹ̀fọ́ ni mò ń tà? Mo ní pupa ni mo fẹ́! Pupa fòò, bí ata rodo, kí afọ́jú pàápàá yí ọrùn wò ó! Ó bi mí bóyá mo ti bá àwọn ará ilé sọ ọ́. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ sọ sí i? Ta ló ni búrẹ́dì? Ṣẹ́gun ní kò burú. Ó tẹ̀ ẹ́ ní pupa.

Ọjọ́ tí lébẹ́ẹ̀lì yẹn dé, mo jó! Mo gbé e lérí, mo jó yí ààrò ká. Tóyìn, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, jó tẹ̀ lé mi títí tó fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Mo dá búrẹ́dì tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ki lébẹ́ẹ̀lì sínú ọ̀rá búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, mo kọjú òkè síta. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, gbogbo àtẹ ti pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀! Mo dúró tì wọ́n, mo ń retí ìyìn.

Àwọn ìyá ìjọ ti ibi àdúrà dé, funfun báláú, àmùrè búlúù ní ìbàdí. Wọ́n rí àtẹ. Gbogbo wọn dúró.

Ẹ ò rí bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́. Mo rò pé ẹwà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́! Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ó rẹwà, àbí kò rẹwà?"

Ìyá kan wo Màmá. Màmá wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi, pẹ̀lú èdè Ìdànrè tó máa ń yára lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta, pé nínú ìjọ àwọn, pupa kì í kan aṣọ àdúrà. Ẹni tó bá wà nínú aṣọ funfun kì í gbé ohun pupa karí.

Mo mọ̀ pé wọn kì í wọ aṣọ pupa o. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ bá wọn lọ sí ìsìn ni Bàbá Tóyìn ń yẹ ara mi wò bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. Àmọ́ ṣé búrẹ́dì wá jẹ́ aṣọ ni? Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní wọ̀ ọ́ kẹ̀, ẹ máa tà á ni." Màmá ní, "Orí aṣọ àdúrà náà ló máa wà, ìyàwó." Mo ní ṣebí búrẹ́dì fúnra rẹ̀ pupa lórí. Ó ní pupa ti iná nìyẹn, èyí ni pupa tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Mo ní tí wọ́n bá wá lọ pààrọ̀ aṣọ ńkọ́? Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Pààrọ̀ aṣọ? Kí búrẹ́dì tó tán? Àfi bíi pé mo ní kí wọ́n gbé ọmọ tuntun sọ sí kòtò!

Níta, Bàbá Tóyìn ti ń fun fèrè mọ́tò. Bàbá ọkọ mi wà ní ahéré rẹ̀ lọ́nà Ofosu, ó ń já kòkó lọ́wọ́, ọjọ́ kọ́jọ́ ló lè dé bá wa pẹ̀lú ọkọ́. Búrẹ́dì kún ilẹ̀, ẹni tó máa gbé e kò sí. Mo wo ààrò mi. Mo ti ń rí ẹní kòkó lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Mo jókòó sórí àpò fúláwà, mo bú sẹ́rìn-ín!

Ẹ̀rín yẹn ran Màmá. Òun náà jókòó tì mí, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin nígbáàyà. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ìyàwó, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. O sọ ọmọ lórúkọ, o ò wo ilé." Kò bínú o. Ó kàn dìde, ó ní kí n yọ pupa yẹn kúrò lára búrẹ́dì kíákíá.

Èmi àti Bàbá Tóyìn la yọ ọ́, torí àwọn ìyá ò fọwọ́ kàn án. Búrẹ́dì tún wà níhòòhò bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Màmá, ibi tá a ti ń bọ̀ náà la tún padà sí yìí. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé tèmi ni?"

 Màmá wọlé, ó gbé àpò kan jáde, èyí tó ń kó àjákù aṣọ sí nídìí maṣíìnì rẹ̀. Àjákù àmùrè ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, sátíìnì búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù nígbà tó ń rán ti ìkórè. Ó mú búrẹ́dì kan, ó di sátíìnì náà mọ́ ọn ní ìbàdí, ó ta á ní kókó lápá òsì, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì máa fì sílẹ̀, gẹ́lẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń di tiwọn.

Ó gbé e sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú inú wò ó! Búrẹ́dì tó sanra, tó ń dán, tó wá di àmùrè mọ́ ikùn! Alàgbà ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó ló jọ!

Ẹ̀rín tún gba ilé. Ìyá kan ní ká gbé orin kó wọlé. Òmíràn ní ká kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti ṣèrìbọmi. Màmá ní ó ti ṣe é, ṣebí omi ni ìyàwó òun fi po fúláwà! Ni ọwọ́ bá yá. Ẹni kan ń gé, ẹni kan ń dì, Màmá ń yẹ kókó wò. Èyí tí wọ́n bá ta sápá ọ̀tún, á tú u, á ní òsì ni, ẹ ẹ̀ gbọ́? A kó sínú píkọ́ọ̀pù, Bàbá Tóyìn sì ń wa ọkọ̀ bí ẹni pé olè ń lé wa.

A ti pẹ́ jù kí á tó dé Ofosu. Oòrùn ti mú, ọ̀dà ojú títì ti gbóná, àwọn ìyá wa ò sì wọ bàtà! Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pọ́n-ún pọ́n-ún. Ẹsẹ̀ kan sókè, ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, àtẹ lórí, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì rò pé ijó ni! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Awakọ̀ kan tó ti fẹ́ kọjá lọ tẹ búrékì, ó ní òun náà fẹ́ wòran. Ẹ sọ fún mi, èló lẹ ń san lónìí fún irú ìpolówó bẹ́ẹ̀?

Ojú wọn kúrò lára ijó, ó bọ́ sórí àtẹ. Ọkùnrin kan láti Bìní nawọ́ jáde, ó ń ké pé, "Madam, gimme that bread wey tie belt!" Ẹnìkejì rẹ̀ ní òun náà, "the one wey tie belt!" Obìnrin Yorùbá kan ń pariwo láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì pé, "Ẹ bá mi mú alámùrè kan!"

Mo dúró gbagidi. Alámùrè! Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. N ò kọ ọ́ síbì kankan. Ojú rẹ̀ rí àmùrè, ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ́ lórúkọ. Kí n tó mọ̀, àwọn tó kù ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alámùrè níbí, alámùrè lọ́hùn-ún, títí àtẹ fi ṣófo. Mo dì mọ́ Màmá, mo fẹ́ gbé e sókè. Kò ṣeé gbé!

Ta ni mo tún rí lọ́jọ́ mìíràn? Ọ̀gá oníjígí dúdú! Lọ́tẹ̀ yìí kò fọwọ́ júwe nǹkankan. Ó yọrí, ó ní, "Alámùrè dà? Ẹ fún mi ní alámùrè!" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú fèrèsé, mo ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, mo ń dúpẹ́. Ó rò pé orí mi dàrú. Kò pẹ́ tí àwọn oníbúrẹ́dì Ofosu fúnra wọn fi ń gbà á lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń tà á láàárín ọ̀sẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé mo ti gbọ́n nìyẹn? Rárá o! Nígbà tí àjákù búlúù tán, mo rí sátíìnì yẹ́lò kan tó wù mí. Mo ní kí n fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn oníbàárà wò ó, wọ́n ní ayédèrú ni! Wọ́n ní àwọn mọ alámùrè, búlúù ni. Mo ní èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní ohun tí gbogbo ẹni tó ń ta ayédèrú máa ń sọ nìyẹn. Ẹ gbà mí! Wọ́n lé mi kúrò nídìí búrẹ́dì ara mi! Mo sáré lọ sí Àkúrẹ́ lọ ra ìdì sátíìnì búlúù. Ṣẹ́gun fi mí rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣebí òun sọ, bíi gèlè.

Ẹ má gbàgbé Bàbá o. Èmi náà ò gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń po fúláwà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé. Ó ti ahéré dé. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ọkọ́ léjìká, ẹní kòkó lábíyá, Màmá àti Bàbá Tóyìn ń tẹ̀ lé e bọ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ kú àbọ̀." Ó dáhùn dáadáa. Ó wo ààrò. Ó ní, "Ìyàwó, kòkó ti jáde o."

Ó ní òun ò gbàgbé àdéhùn. Ó ní ní gbogbo bí òun ṣe wà ní ahéré, òun ò gbọ́ kí ẹnì kan péré sọ pé òun ń wá búrẹ́dì ìyàwó òun. Ó ní ṣùgbọ́n kí n má bọkàn jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́, ó yẹ kó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà òun ra nǹkan bọ̀ fún mi ní Ofosu, kí n wò ó, kí n tọ́ ọ wò, kí n fi kọ́gbọ́n. Ó ní gbogbo ayé ló ń wá a níbẹ̀, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èèyàn jà kí òun tó rí ọ̀kan rà.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó fa búrẹ́dì kan yọ.

Àmùrè búlúù! Kókó lápá òsì! Etí méjèèjì ń fì!

Bàbá Tóyìn kọjú sí ògiri, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Màmá fi etí aṣọ bo ẹnu. Bàbá ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ búrẹ́dì náà, ó ní kí n wo bó ṣe ń dìde padà. Ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ ọ́n ṣe! Ìyàwó, bí tìrẹ bá rí báyìí, ṣé màá fọwọ́ kan ààrò rẹ ni?"

Ibẹ̀ ni Màmá ò ti lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rín tú jáde lẹ́nu rẹ̀! Ó ní kí Bàbá wo kókó yẹn dáadáa, ọwọ́ ta ló rò pé ó ta á, àbí kò mọ aṣọ ìyàwó ara rẹ̀ mọ́?

Bàbá wo kókó náà. Ó wo àmùrè tó wà ní ìbàdí Màmá. Ó wo àtẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí àwọn alámùrè tó kù tò sí bí ẹgbẹ́ akọrin. Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ́ tó wà léjìká rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Mo dì mú ilẹ̀, mo ń retí ohun tó máa sọ.

Ó rọra gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mo tiẹ̀ tún sanwó rẹ̀!"

Yéè! Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó! Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi búrẹ́dì lu itan. Àwọn aládùúgbò sáré wá, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ parí. Nígbà tí ara balẹ̀, Bàbá gbé ẹní kòkó rẹ̀, ó ní ṣebí àpáta kún Ìdànrè. Orí àpáta ló ti sá kòkó rẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sì ní ó yá gbẹ ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ. Ààrò mi dúró síbẹ̀. Títí Bàbá fi re ọ̀run, kò sí àlejò tó wá sílé wa tí kò sọ fún pé òun ti mọ̀ pé búrẹ́dì ìyàwó òun dára kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún òun pé tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo sọ fún ọmọ-ọmọ mi náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ya lógò, ó dáa. Ẹ kọ orúkọ tó rẹwà, ó dáa. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó yan àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo orí ẹni tó máa gbé e. Bí ẹ bá sì ti rí ojú tí àwọn èèyàn fi mọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yẹ́lò sílẹ̀! Orúkọ tí mo fowó ara mi tẹ̀ síwèé, kò sẹ́ni tó pè é rí. Èyí tí obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń pè mí di òní.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn oníbàárà yín sọ yín tí ẹ̀yin fúnra yín ò sọ ara yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ pupa kọ tirẹ̀ o. Màmá ò ní gbà!